Fíìmù Milk: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó jókòó wò ó

Bí mo bá ti ní kí ẹnì kan lọ wo fíìmù yìí, ìbéèrè ló máa ń tẹ̀lé e. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí. Àwọn kan gba àlàyé gígùn, àwọn kan ò gbà ju gbólóhùn méjì lọ.

Ta ni wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù?

Harvey Milk ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1930, sí ìdílé Júù kan ní Woodmere, ìpínlẹ̀ New York. Ó ṣe ológun ojú omi, ó ṣe tíṣà, ó ṣiṣẹ́ ní Wall Street, kódà ó polongo ìbò fún Barry Goldwater ti ẹgbẹ́ Republican lọ́dún 1964. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí San Francisco, ní California. Lọ́dún 1973, òun àti Scott Smith, olólùfẹ́ rẹ̀, ṣí ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kékeré kan sí nọ́ńbà 575, òpópónà Castro. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti di olóṣèlú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, wọ́n dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún ìlú náà. Kò fi bò fún ẹnikẹ́ni pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Kò pé oṣù 11 lórí àga tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi yìnbọn pa á.

Ẹ ti sọ pé wọ́n pa á. Ṣé ẹ ò ti ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún wa?

Rárá o. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àwòrán àtijọ́ ni ẹ máa rí: ọlọ́pàá ń kó àwọn ọkùnrin jáde nílé ọtí, àwọn yẹn ń fi ọwọ́ bo ojú kí kámẹ́rà má baà mú wọn. Lẹ́yìn náà ni Dianne Feinstein, olórí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú nígbà yẹn, dúró níwájú àwọn akọ̀ròyìn láti kéde pé wọ́n ti yìnbọn pa George Moscone tó jẹ́ méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú náà, àti Milk. Igbe ta láàárín àwọn akọ̀ròyìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé síbẹ̀, kì í ṣe eré.

Lẹ́yìn ìyẹn la rí Sean Penn, tó ṣe Milk, tó jókòó ti tábìlì ní ilé ìdáná pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó ń sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ẹnì kan bá pa òun. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti ń lọ, ibẹ̀ náà ló sì ń padà sí. Gus Van Sant ló darí rẹ̀, Dustin Lance Black ló kọ ọ́, mo sì gbà pé ìpinnu tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mọ bí yóò ṣe parí, ẹ ò ní máa dúró de ìbọn. Bí ọkùnrin náà ṣe ń dọ́gbọ́n sí i lójoojúmọ́ lẹ máa fojú sí.

Ipò wo gan-an ló dù? Ṣé gómìnà ni?

Kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á sí káńsẹ́lọ̀, àmọ́ káńsẹ́lọ̀ tó lẹ́nu dáadáa, torí pé ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ sójú kan ní San Francisco. Àwọn 11 ni wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Owó oṣù wọn kéré: dọ́là 9,600 lọ́dún. Ẹ fi owó yẹn sọ́kàn, yóò da nǹkan rú níwájú.

Mo gbọ́ pé ó fìdí rẹmi léraléra. Kí ló wá mú un wọlé?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí pé fíìmù ìdìbò ni fíìmù yìí lójú tèmi. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìtàn ìfẹ́ tàbí ìtàn ajẹ́rìíkú ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ikú wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó gba àkókò jù lójú sinimá ni bébà ìpolongo, fóònù tí kò dákẹ́, àti iye ìbò tí wọ́n ń kà.

Lọ́dún 1973, àwọn 32 ló gbé àpótí, ó ṣe ipò kẹwàá. Irun rẹ̀ gùn nígbà yẹn, ó dì í sẹ́yìn, irùngbọ̀n sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìbò ọdún 1975 máa fi dé, ó ti gé irun, ó ti wọ kóòtù, ó ní òun ò fa igbó mọ́. Àga mẹ́fà ló wà nílẹ̀, ó ṣe ipò keje. Ẹ gbọ́ irú ìyẹn! Lọ́dún 1976, ó dù ú láti lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ California, Art Agnos sì fi ìbò tí kò tó 4,000 là á mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ìlú ṣàdédé fẹ́ràn rẹ̀ lọ́dún 1977. Bí wọ́n ṣe ń dìbò ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú ló ń dìbò fún gbogbo àga náà pọ̀, ẹni tó bá lówó láti polongo yíká ìlú ló sì ń jàǹfààní. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1976, àwọn ará ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pín ìlú sí ẹkùn 11, kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa yan ẹni tirẹ̀. Castro, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù Milk wà, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ń gbé, bọ́ sí ẹkùn karùn-ún. Àwọn tó ń wá fọ fọ́tò lọ́dọ̀ Milk, àwọn tó ń wá jókòó sórí àga inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìra nǹkan kan, àwọn ló wá di olùdìbò rẹ̀. Àwọn 16 ló bá a dù ú, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló sì gbé e wọlé. Ẹni tó bá ti rí i rí bí wọ́ọ̀dù kan ṣe lè gbé ẹni tí ìpínlẹ̀ ò mọ̀ rárá wọlé, kò ní yà á lẹ́nu.

Ìdìbò yẹn kan náà ló gbé Ella Hill Hutch wọlé, obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti Gordon Lau tó jẹ́ ìran Ṣáínà, àti Carol Ruth Silver tó ń dá tọ́ ọmọ. Fíìmù náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí tiwọn rò. Mo ka ìyẹn sí àléébù, torí pé ẹni tó bá wò ó láìmọ ìtàn á rò pé Milk nìkan ni ìlẹ̀kùn ṣí fún.

Ọ̀rọ̀ bíà wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀rẹ̀?

Bíà Coors ni. Ẹ má yára kọjá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ akẹ́rù, Teamsters, ń bá ilé iṣẹ́ náà jà. Allan Baird, ọ̀kan lára olórí ẹgbẹ́ náà, wá bá Milk pé kó bá òun bẹ àwọn ilé ọtí tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ti ń mu kí wọ́n má tà á mọ́. Milk ní kò burú, àmọ́ kí ẹgbẹ́ awakọ̀ náà gba àwọn èèyàn òun síṣẹ́. Wọ́n jọ dúró lórí àdéhùn. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Àwọn awakọ̀ alágbára wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn ní Castro tẹ́lẹ̀, ló wá ń tì í lẹ́yìn nígbà tí ìbò dé. Baird fúnra rẹ̀ fara hàn nínú fíìmù, ara rẹ̀ ló ṣe.

Kí ló ṣe nígbà tó wọlé tán?

Nǹkan méjì ni fíìmù náà mú. Èkíní ni òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má lé èèyàn níṣẹ́ tàbí nílé torí pé ó ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀. Òfin náà kọjá, méyọ̀ Moscone fi gègé tí Milk fún un fọwọ́ sí i. Dan White nìkan ló lòdì sí i nínú ìgbìmọ̀.

Èkejì ni ìgbẹ́ ajá. Mi ò ṣàwàdà. Ìgbẹ́ ajá gba gbogbo ìlú, Milk wá gbé òfin jáde pé kí olówó ajá máa kó o. Ó pe àwọn akọ̀ròyìn sí ọgbà ìgbafẹ́, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ló bá tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ó ti mọ ibi tó wà kí wọ́n tó dé. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Olóṣèlú tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ nìkan ò lè gbé òun dúró nìyẹn, pé àfi kí òun ṣe ohun tí ìyá arúgbó tó ń gba ọgbà kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà á dúpẹ́ rẹ̀.

Kí ni Proposition 6 tí wọ́n ń pariwo ẹ̀?

John Briggs, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ California, ló fẹ́ kí wọ́n dìbò lórí òfin kan tí wọ́n á fi máa lé tíṣà tó bá ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀ kúrò níléèwé ìjọba, títí kan tíṣà tó bá kàn sọ̀rọ̀ ire nípa wọn. Ó rí ohun tí Anita Bryant, olórin, ti ṣe ní Dade County ní Florida lọ́dún 1977, níbi tí wọ́n ti dìbò fagi lé òfin tó ń dáàbò bo àwọn èèyàn náà.

Milk àti Briggs kojú ara wọn láti ìlú dé ìlú. Briggs ní àwọn ọmọ á máa ṣe bíi tíṣà wọn. Milk dá a lóhùn pé tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ì bá ti kún gbogbo ìgboro. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé lábẹ́ àwọn sísítà, ẹ máa rẹ́rìn-ín jù wá lọ níbi yẹn. Ààrẹ Jimmy Carter tako òfin náà, Ronald Reagan, gómìnà California tẹ́lẹ̀, tako ó pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan ni òfin náà fi fìdí rẹmi.

Kí ló dé tó fi ń sọ pé òun wá kó àwọn èèyàn wọ ẹgbẹ́?

Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan irú wọn ni pé wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ wọ ẹgbẹ́. Milk bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn: bó bá gun orí pèpéle, gbólóhùn tó fi ń ṣí ọ̀rọ̀ ni pé, èmi ni Harvey Milk, mo wá kó yín wọ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ń jẹ́wọ́.

Ta ni Dan White? Kí ló fà á tó fi pa wọ́n?

Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni, panápaná tẹ́lẹ̀, ó ja ogun Vietnam, ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Milk búra wọlé. Wọn ò kọ́kọ́ ṣọ̀tá. Nínú fíìmù, ẹ máa rí Milk níbi tí wọ́n ti ń ṣèrìbọmi fún ọmọ White. Àmọ́ White ò fẹ́ kí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú sí ẹkùn rẹ̀, ó rò pé Milk á bá òun dìbò, Milk sì lọ dìbò sápá kejì. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn ò ti gún mọ́.

Owó tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ló kàn. Dọ́là 9,600 ò lè bọ́ ìdílé White, bẹ́ẹ̀ ó ti fi iṣẹ́ panápaná sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yí ọkàn padà, ó ní kí méyọ̀ dá òun padà. Milk wà lára àwọn tó sọ fún méyọ̀ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn, White gba ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ wọ ilé ìjọba ìlú kí ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò má baà mú ìbọn ara rẹ̀. Ó pa Moscone, ó ki ọta míì sínú ìbọn, ó pe Milk wọ ọ́fíìsì tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì pa òun náà.

Josh Brolin ló ṣe White, ó sì ṣe é débi pé àánú rẹ̀ máa ń fẹ́ ṣèèyàn kó tó di pé ẹ̀rù ń bani. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò fara mọ́: Milk inú fíìmù sọ pé ó jọ pé White náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn tó ń fi ara pamọ́. Àbá lásán ni. Owó, ìtìjú àti ìbínú ipò tó bọ́ ti tó ṣàlàyé ọkùnrin náà.

Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó kù?

Ọ̀pọ̀ jù lọ. Wọ́n tún ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà náà kọ́ sí ojúlé tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Frank Robinson tó máa ń bá Milk kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀, ara rẹ̀ náà ló ṣe. Àmọ́ wọ́n yí àwọn nǹkan kan. Ohùn tí Milk gbà sílẹ̀, oṣù Kọkànlá ọdún 1977 ló gbà á, kété tó wọlé ìbò. Fíìmù sún un mọ́ ikú rẹ̀, ó fi í sí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Ọmọ Minnesota tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tó pe Milk lórí fóònù pé òun fẹ́ para òun, wọ́n ṣe é fún fíìmù ni: nínú ọ̀rọ̀ tí Milk máa ń sọ fáwọn èèyàn, ọmọ Altoona ní Pennsylvania ló ní ó pe òun. Ibi tí fóònù yẹn ti dún dùn mí jù nínú fíìmù náà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Ibo ni kí n fojú sí jù?

Fèrè. Nígbà yẹn, àwọn ará Castro máa ń mú fèrè rìn lóru, kí ẹni tí wọ́n bá ń lù lè fọn ún kí àwọn yòókù sáré wá. Ìgbà kan wà tí wọ́n pa ọkùnrin kan lójú títì. Milk àti ọlọ́pàá kan ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, àmọ́ kámẹ́rà ò kọjú sí wọn. Inú irin fèrè tó jábọ́ sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí, la ti ń rí òjìji àwọn méjèèjì, wọ́n kéré, wọ́n wọ́. Harris Savides ló di kámẹ́rà mú. Mo ti rí fíìmù tó ná owó ju èyí lọ tí kò ní àwòrán kan ṣoṣo tó dà bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo lè bá àwọn ọmọ wò ó?

Kí wọ́n lọ sùn. R ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, àmì pé kì í ṣe fíìmù ọmọdé: àwọn ọkùnrin ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ rírùn wà níbẹ̀, ìbọn sì dún. 128 ìṣẹ́jú ni.

Onígbàgbọ́ (tàbí Mùsùlùmí) ni mí. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìgbàgbọ́ yín kẹ́ ẹ tó wo fíìmù. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa bí a ṣe ń ṣe é. Lóṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dúró de ọkùnrin tó bá gbé ọkùnrin níyàwó, tàbí obìnrin tó bá gbé obìnrin. Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà lẹ àwòrán Milk mọ́ sítáǹpù. Ẹ wo fíìmù náà kẹ́ ẹ sì bá a jiyàn, bó bá wù yín. Milk fúnra rẹ̀ fẹ́ràn iyàn.

Ṣé òun ni ẹni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dìbò yàn ní Amẹ́ríkà?

Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣòótọ́. Kathy Kozachenko ti wọlé ní ìlú Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan, lọ́dún 1974, Elaine Noble náà wọlé sílé aṣòfin Massachusetts lọ́dún yẹn. Ní California ni Milk ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Kí ló gbẹ̀yìn Dan White? Mi ò rí i nínú fíìmù.

Ìlà mélòó kan ni wọ́n kọ sí ìparí, bẹ́ẹ̀ ìtàn ńlá ni. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá a jà, pé ìpápánu dídùn tó ń jẹ kiri wà lára ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn tó ń dá ẹjọ́ náà ní kò mọ̀ọ́mọ̀ gbèrò ìpànìyàn, ẹ̀wọ̀n ọdún méje àti oṣù mẹ́jọ ló sì wá gbà fún ẹ̀mí méjì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ya lọ sílé ìjọba ìlú, wọ́n dáná sun ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá náà padà lọ fi kùmọ̀ bá wọn ní Castro. Ọjọ́ kejì ì bá jẹ́ ọjọ́ ìbí Milk. White jáde lẹ́wọ̀n lọ́dún 1984, ó sì pa ara rẹ̀ lọ́dún 1985.

Ní ti Milk, Obama fún un ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún 2009. Àwọn ológun ojú omi, tó kúrò láàárín wọn lọ́dún 1955 lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wádìí irú ẹni tó ń fẹ́, sọ ọkọ̀ kan lórúkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2021. Ìjọba Trump yọ orúkọ náà lóṣù Kẹfà ọdún 2025.

Báwo ni wọ́n ṣe gbà á nígbà tó jáde?

Ilé sinimá Castro ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2008. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn ará California kan náà dìbò fòfin de ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Ó tó ìparí oṣù Kọkànlá kí fíìmù náà tó dé àwọn ilé sinimá yòókù, ìbò ti kọjá. Àwọn kan ò dárí jì wọ́n fún ìyẹn títí di òní. Oscar méjì ló gbà nínú mẹ́jọ tí wọ́n yàn án fún: Penn gẹ́gẹ́ bí òṣèré, Black gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Samoa ní tiwọn fòfin dè é lọ́dún 2009.

Kí ni kí n wò tẹ̀lé e?

The Times of Harvey Milk, tí Rob Epstein darí, tó jáde lọ́dún 1984. Kò sí eré níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ̀rọ̀, òun náà gba Oscar. Àwọn kan ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn. Èmi ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣìkejì, torí ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ohùn Milk gan-an, ẹ máa wá mọ ibi tí Penn mú un dáadáa àti ibi tó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́jẹ́ẹ́jẹ́ jù. Ìgbẹ́jọ́ White tí fíìmù fò kọjá náà wà níbẹ̀ ní kíkún.